Kì í Ṣe King Ni Ó Ṣètò Ìwọ́de Washington Ọdún 1963: Iṣẹ́ Ọwọ́ Bayard Rustin

Bí oṣù Kẹjọ bá ti ń parí lọ lọ́dọọdún, àwòrán kan náà ni àwọn ènìyàn máa ń pín kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì: Dókítà Martin Luther King dúró níwájú ilé ìrántí Abraham Lincoln ní Washington, ó na ọwọ́ rẹ̀ sókè, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn sì tẹ́ lọ bí omi òkun níwájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ sí abẹ́ àwòrán náà kì í sábà yàtọ̀. Wọ́n á ní King ni ó pe ìwọ́de náà, King ni ó ṣètò rẹ̀, ó rọ́ àlá rẹ̀ fún ayé, ojú ti Amẹ́ríkà, òfin sì yí padà. Bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà nílé ẹ̀kọ́ nìyẹn, mo sì gbà á gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òótọ́ ni pé King sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ náà, òótọ́ sì ni pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọni lára dé egungun. Ìyókù kò rí bẹ́ẹ̀. King kọ́ ni ó pe ìwọ́de náà, òun kọ́ ni ó ṣètò rẹ̀, àlá kọ́ sì ni ohun tí ó mú kí ìdá mẹ́rin mílíọ̀nù kan ènìyàn, èyíinì ni nǹkan bí 250,000, fi ilé àti iṣẹ́ wọn sílẹ̀ ní ọjọ́ Ọjọ́rú kan láti wá dúró nínú oòrùn.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ. Àwọn tí wọ́n ṣètò ìpéjọ ọjọ́ 28, oṣù Kẹjọ, ọdún 1963 pè é ní Ìwọ́de sí Washington fún Iṣẹ́ àti Òmìnira. Iṣẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tí ó ni èrò náà ni A. Philip Randolph, àgbàlagbà ẹni ọdún 74, tí ó ti dá ẹgbẹ́ àwọn adúláwọ̀ tí ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú irin sílẹ̀ láti ọdún 1925. Ní ọdún 1941, Randolph sọ fún Ààrẹ Franklin Roosevelt pé òun yóò kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún adúláwọ̀ wọ Washington bí àwọn ilé iṣẹ́ tí ń rọ ohun ìjà fún ìjọba kò bá jáwọ́ nínú lílé àwọn ènìyàn òun kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Roosevelt mọ̀ pé ọkùnrin náà kò ṣeré. Ní ọjọ́ 25, oṣù Kẹfà, ọdún náà, ó fọwọ́ sí àṣẹ tí ó ka irú ìyanisọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ léèwọ̀, Randolph sì dá ìwọ́de náà dúró. Ọmọ ọdún 12 ni King nígbà yẹn. Lára àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ti ń múra ìwọ́de náà, tí inú sì bí wọn pé Randolph dá a dúró, ni ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan tí ó jẹ́ ẹni ọdún 29, tí ń jẹ́ Bayard Rustin.

West Chester ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ni wọ́n ti bí Rustin ní ọjọ́ 17, oṣù Kẹta, ọdún 1912. Àwọn òbí rẹ̀ àgbà, Julia àti Janifer, ni wọ́n tọ́ ọ, wọ́n sì jẹ́ kí ó gbàgbọ́ ní kékeré pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni obìnrin tí ó bí i lọ́mọ. Àárín àwọn ẹlẹ́sìn Quaker ni Julia ti dàgbà, àwọn Kristẹni tí wọ́n gbà pé ogun jíjà kò bá ìgbàgbọ́ mu, ẹ̀kọ́ yìí sì wọ inú ọmọ náà ju bí ẹnikẹ́ni ti lè rò lọ. Ohùn rẹ̀ dùn, orin ni ó sì fi rí ọ̀nà wọ yunifásítì Wilberforce, kí ó tó lọ fìdí kalẹ̀ sí Harlem ní ọdún 1937. Ó wọ ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ kọ́múníìsì níbẹ̀, ó sì kúrò nínú rẹ̀ ní ọdún 1941 nígbà tí ó rí i pé àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ náà ti fẹ́ pa ìjà lòdì sí ìyanisọ́tọ̀ tì nítorí ogun tí ó dé bá Rọ́ṣíà. Láti ìgbà náà ni ó ti di ọmọ iṣẹ́ Randolph.

Mo fẹ́ kí òǹkàwé fara balẹ̀ ka ohun tí ó ṣe láàárín ọdún 1942 sí 1952, nítorí pé àwọn ọdún wọ̀nyí ni a kì í gbọ́ nípa wọn rárá. Ní ọdún 1942, ó kọ̀ láti lọ jókòó sẹ́yìn nínú bọ́ọ̀sì kan tí ń lọ sí Nashville, àwọn ọlọ́pàá sì lù ú. Èyí jẹ́ ọdún mẹ́tàlá kí Rosa Parks, obìnrin adúláwọ̀, tó kọ̀ láti dìde fún aláwọ̀ funfun nínú bọ́ọ̀sì ní Montgomery. Nígbà tí ìjọba pè é sí iṣẹ́ ológun, ó kọ̀, ẹ̀wọ̀n sì gbà á láti ọdún 1944 fún ohun tí ó lé ní ọdún méjì. Ní ọdún 1947, òun àti àwọn ọkùnrin mìíràn, adúláwọ̀ mẹ́jọ àti aláwọ̀ funfun mẹ́jọ lápapọ̀, wọ bọ́ọ̀sì káàkiri apá òkè gúúsù Amẹ́ríkà láti wò bóyá wọn yóò tẹ̀ lé òfin tí ó ka ìyanisọ́tọ̀ léèwọ̀ nínú bọ́ọ̀sì tí ń lọ láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn. Ilé ẹjọ́ ní North Carolina jẹ ẹ́ níyà fún un, ó sì fi ọjọ́ 22 ṣe iṣẹ́ àṣekára lójú pópó pẹ̀lú àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n dè. Kò bínú lásán. Ó kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sínú ìwé ìròyìn. Ní ọdún 1948, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Randolph nínú ìjà tí ó mú kí Ààrẹ Truman pàṣẹ pé kí ìyanisọ́tọ̀ dópin nínú iṣẹ́ ológun, lọ́dún náà sì ni ó lọ sí Íńdíà láti kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ẹ̀yìn Gandhi. Ní ọdún 1952, ó dé Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, níbi tí ó ti bá Kwame Nkrumah pàdé ní Gold Coast àti Nnamdi Azikiwe ní Nàìjíríà. Àwa tí a jẹ́ ọmọ Nàìjíríà kò yẹ kí a gbàgbé pé ọkùnrin yìí ti fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ wa nígbà tí King ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì.

Akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe èébú. King fúnra rẹ̀ kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ Rustin. Ní oṣù Kejì, ọdún 1956, àwọn adúláwọ̀ Montgomery ti lo ohun tí ó lé ní oṣù méjì láì wọ bọ́ọ̀sì láti fi takò ìyanisọ́tọ̀, wọ́n sì ti ju bọ́ǹbù sí ilé King. Nígbà tí Rustin dé ibẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n gbé ìbọn ni wọ́n ń ṣọ́ ilé náà, àní nígbà tí oníròyìn tí ó tẹ̀ lé Rustin wọlé fẹ́ jókòó, ìbọn ni wọ́n bá lórí àga. King ti mọ orúkọ Gandhi, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń gbé ìgbé ayé ìjà àìlo ipá lójoojúmọ́, tí a óò sì fi kọ́ ogunlọ́gọ̀ ènìyàn, Rustin ni ó jókòó tì í tí ó ṣàlàyé rẹ̀ fún un. Ìbọn kúrò nínú ilé náà. Nígbà tí ìjà Montgomery yọrí sí rere, Rustin, Ella Baker àti Stanley Levison ni wọ́n jókòó ní New York tí wọ́n ronú ẹgbẹ́ tí King yóò fi gbé ìjà náà dé gbogbo gúúsù, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1957.

Báwo wá ni irú ẹni báyìí ṣe sọnù nínú ìtàn? Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Rustin jẹ́ ọkùnrin tí ìfẹ́ rẹ̀ wà sí ọkùnrin bíi tirẹ̀, kò sì ṣe bí ẹni pé kò rí bẹ́ẹ̀, ní àkókò tí òfin gbogbo ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ka irú ìbálòpọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ọ̀ràn. Ní oṣù Kìíní, ọdún 1953, àwọn ọlọ́pàá mú un lórí èyí ní Pasadena, California, adájọ́ sì dá ẹ̀wọ̀n 60 ọjọ́ fún un. Mo mọ̀ pé èrò àwọn òǹkàwé kò ní ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ yìí. Síbẹ̀, bí a bá fò ó dá, a kò ní lè ṣàlàyé ìdí tí àwọn tí wọ́n jẹ èrè iṣẹ́ rẹ̀ fi ń fi í pamọ́ sẹ́yìn aṣọ ìkélé. Ní ọdún 1960, Adam Clayton Powell, aṣòfin Harlem, halẹ̀ mọ́ King pé bí kò bá fagi lé ìwọ́de tí wọ́n fẹ́ ṣe níbi àpéjọ ẹgbẹ́ òṣèlú Democrat, òun yóò sọ fún ayé pé King àti Rustin ń bá ara wọn lò. Irọ́ gbáà ni. Ṣùgbọ́n King kò gbèjà ọ̀rẹ́ rẹ̀. Rustin fi ipò rẹ̀ sílẹ̀, King sì jẹ́ kí ó lọ. Mo ní ọ̀wọ̀ púpọ̀ fún King, mi ò sì lè sọ pé ohun tí ó ṣe yìí dára.

Ní ọjọ́ 2, oṣù Keje, ọdún 1963, àwọn olórí ẹgbẹ́ mẹ́fà pàdé ní hótẹ́ẹ̀lì Roosevelt ní New York láti fẹnu kò lórí ìwọ́de tí Randolph àti Rustin ti ń múra rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Roy Wilkins, olórí NAACP, ẹgbẹ́ tí ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn adúláwọ̀, sọ ojú abẹ níkòó pé Rustin kò gbọdọ̀ jẹ́ olùdarí: ó ti ṣe kọ́múníìsì, ó ti ṣẹ̀wọ̀n torí pé ó kọ iṣẹ́ ológun, ọ̀ràn Pasadena sì wà nílẹ̀. Randolph ní ó dára, òun fúnra òun yóò jẹ́ olùdarí, bí wọ́n bá gbà kí òun yan igbákejì òun. Wọ́n gbà. Ó yan Rustin. Ọgbọ́n àgbà ni.

Láti ọjọ́ yẹn sí ọjọ́ ìwọ́de, ọjọ́ 57 péré ni ó wà nílẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ṣe kòkárí ìnáwó ẹgbẹ̀rún ènìyàn rí yóò mọ ohun tí mo ń sọ. Rustin kò ní kọ̀ǹpútà, kò ní owó ìjọba; ilé àtijọ́ kan ní òpópónà 130 ní Harlem ni wọ́n fi ṣe ọ́fíìsì, àwọn ọ̀dọ́ ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n bá a ṣiṣẹ́, fóònù àti pẹ́pà ni irinṣẹ́ wọn. Rachelle Horowitz, ọmọ ọdún 24 tí kò mọ mọ́tò wà, ni ó fi ètò ọkọ̀ lé lọ́wọ́, ọmọbìnrin náà sì bá a kó bọ́ọ̀sì tí ó lé ní 2,000 jọ láti ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọkọ̀ ojú irin àkànṣe. Wọ́n ń ta báàjì ní sẹ́ǹtì 25 kí owó lè wọlé. Wọ́n tẹ ìwé ìlànà fún àwọn aṣáájú ní ìlú kọ̀ọ̀kan, nínú èyí tí wọ́n ti sọ ohun tí kálukú yóò gbé lọ́wọ́, ibi tí bọ́ọ̀sì yóò dúró sí, irú oúnjẹ tí oòrùn kò ní tètè bà jẹ́, àti pé gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ kúrò ní Washington kí ilẹ̀ tó ṣú. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì Riverside ní New York, àwọn olùyọ̀ǹda di oúnjẹ 80,000: búrẹ́dì tí wọ́n fi wàràkàsì sí láàárín, kéèkì àti èso ápù. Rustin ka iye ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ibi tí ènìyàn yóò ti mu omi, nítorí ó mọ̀ pé ogunlọ́gọ̀ tí òùngbẹ bá ń gbẹ, tí kò sì rí ibi yàgbẹ́ sí, kò lè ṣe sùúrù, àwọn ọ̀tá sì ń retí kí ìjà ṣẹlẹ̀. Ó kó àwọn ọlọ́pàá adúláwọ̀ tí wọn kò sí lẹ́nu iṣẹ́ wá láti New York, ó sì kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe darí ogunlọ́gọ̀ láì fọwọ́ kan ìbọn tàbí kóńdó.

Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ni ó tẹnu mọ́ jù. Àwọn kan rò pé ó ń ná owó ní ìnákúnàá nígbà tí ó ní kí wọ́n ra èyí tí ó dára jù lọ tí owó lè rà, ṣùgbọ́n èrò rẹ̀ ni pé ẹni tí kò bá gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri, wàhálà a sì bẹ̀rẹ̀. Ní òru ọjọ́ tí ó ṣáájú, àwọn kan ba ẹ̀rọ náà jẹ́, àwọn ọmọ ogun ìjọba ni wọ́n sì tún un ṣe kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ rò ó wò: bí kò bá sí ẹ̀rọ yẹn, àwọn tí wọ́n wà ní iwájú nìkan ni ìbá gbọ́ ọ̀rọ̀ àlá náà.

Bí iṣẹ́ yìí ti ń lọ lọ́wọ́ ni Strom Thurmond, aṣòfin àgbà láti South Carolina, dìde ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ní ọjọ́ 13, oṣù Kẹjọ, tí ó tú gbogbo ọ̀rọ̀ Pasadena àti kọ́múníìsì síta. Ó rò pé òun ti rí obì tí ó ní kòkòrò nínú. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ẹni tí ó sá. Randolph gbèjà igbákejì rẹ̀ ní gbangba, àwọn olórí yòókù sì dúró tì í, títí kan Wilkins tí ó ti kọ́kọ́ takò ó.

Nítorí pé mo ń ṣàtúnṣe ìtàn, kò yẹ kí èmi náà fi ẹlòmíràn pamọ́. Anna Arnold Hedgeman ni obìnrin kan ṣoṣo nínú ìgbìmọ̀ ìṣètò náà, òun ni ó sì gbé iṣẹ́ pípe àwọn ọmọ ìjọ aláwọ̀ funfun wá. Ó fi ẹ̀hónú hàn pé wọn kò fi obìnrin kankan sí àárín àwọn tí yóò sọ ọ̀rọ̀ pàtàkì, àwọn ọkùnrin náà kò sì gbọ́ bí ó ti yẹ, Rustin àti Randolph pẹ̀lú.

Ẹ̀rù ti ba ìjọba. Wọ́n ti ilé ọtí pa ní Washington, wọ́n sì kó àwọn ọmọ ogun sí ìtòsí. Àwọn ènìyàn dé láti òwúrọ̀, wọn kò tilẹ̀ dúró de àwọn olórí. Wọ́n kọjú sí ọ̀nà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, àwọn olórí sì ní láti sáré lọ bá wọn. Kò sí ìjà títí tí oòrùn fi wọ̀. Ìwé ìròyìn Life tí ó jáde ní ọjọ́ 6, oṣù Kẹsàn-án, gbé àwòrán Randolph àti Rustin sí iwájú, kì í ṣe ti King. Èyí ni ó fi hàn mí kedere pé àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú wọn mọ ẹni tí ó ni iṣẹ́ náà. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni ìtàn náà wá di ti ẹnì kan.

Ó ku apá kejì ìgbàgbọ́ náà, pé ọ̀rọ̀ àlá ni ó yí òfin padà. Àwọn bàbá wa ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ṣùgbọ́n obì yìí kò yọ bẹ́ẹ̀. Ààrẹ Kennedy ti gbé àbádòfin ẹ̀tọ́ aráàlú lọ síwájú àwọn aṣòfin láti ọjọ́ 19, oṣù Kẹfà, kí ìwọ́de tó wáyé rárá. Ọjọ́ 18 lẹ́yìn ìwọ́de, bọ́ǹbù pa ọmọbìnrin mẹ́rin nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Birmingham. Àwọn aṣòfin gúúsù fi ọ̀rọ̀ sísọ láìdákẹ́ dí àbádòfin náà lọ́nà fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, títí di ọjọ́ 10, oṣù Kẹfà, ọdún 1964, nígbà tí ìbò 71 sí 29 fòpin sí ìdíwọ́ náà. Ọjọ́ 2, oṣù Keje ni Ààrẹ Johnson fọwọ́ sí i. Àwọn tí wọ́n ń tẹ̀ lé àwọn aṣòfin kiri ní gbogbo oṣù wọ̀nyẹn, àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti àwọn ìjọ, ni wọ́n là á kọjá. Bí a bá sì fi òfin náà wé ohun mẹ́wàá tí ìwọ́de béèrè, a óò rí mélòó kan lára wọn nínú rẹ̀: kí ìjọba má ṣe fún ibi tí ó ń ya ènìyàn sọ́tọ̀ lówó, kí àjọ kan wà tí yóò máa gbógun ti ìyanisọ́tọ̀ lẹ́nu iṣẹ́, kí amòfin àgbà ìjọba lè pe ẹjọ́.

Rustin mọ̀ pé ohun tí ó ṣòro jù ṣì kù. Ní ọdún 1965, ó kọ̀wé pé ó tó àkókò kí ìjà náà kúrò ní ojú pópó nìkan, kí ó wọ inú òṣèlú, nítorí ẹ̀tọ́ láti jókòó nínú ilé oúnjẹ kò ṣe ẹni tí kò ní owó oúnjẹ láǹfààní. Lọ́dún tí ó tẹ̀ lé e, òun àti Randolph gbé ètò ìnáwó kan kalẹ̀ tí yóò ná ìjọba ní bílíọ̀nù 185 dọ́là láàárín ọdún mẹ́wàá láti pèsè iṣẹ́, ilé àti owó tí ó tó ń jẹun fún gbogbo tálákà, dúdú àti funfun. Ogun Vietnam gbé owó náà mì, àwọn aṣòfin kò sì gba ètò náà wọlé. Rustin kò sọ̀rọ̀ líle tó lòdì sí ogun náà, ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ sì bínú sí i títí ayé. Mo gbà pé wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti bínú, nítorí ẹni tí ó ṣẹ̀wọ̀n torí pé ó kọ ogun kò yẹ kí ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ogun ń jẹ owó tálákà. Ó kú ní New York ní ọjọ́ 24, oṣù Kẹjọ, ọdún 1987. Ààrẹ Obama fi àmì ẹ̀yẹ tí ó ga jù fún aráàlú dá a lọ́lá ní ọdún 2013, gómìnà California sì dárí ọ̀ràn Pasadena jì í ní ọdún 2020.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tí ó bá tún fẹ́ pín àwòrán náà lọ wò fúnra rẹ̀, nítorí pé àwòrán olóhùn ọjọ́ náà ṣì wà. Ibi tí King parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí ni wọ́n sábà máa ń gé e. Ètò kò tíì parí níbẹ̀. Lẹ́yìn King, Rustin wá síwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ka àwọn ohun tí wọ́n béèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń dúró kí ogunlọ́gọ̀ náà fi ohùn sí i. Lára rẹ̀ ni pé kí owó iṣẹ́ tí ó kéré jù lọ ní Amẹ́ríkà má ṣe dín sí dọ́là 2 ní wákàtí kan. Dọ́là 1 àti sẹ́ǹtì 15 ni òfin ń béèrè lọ́jọ́ náà. Gbogbo wọn hó gèè pé àwọn gbà. Ọdún 1974 ni òfin tó gbé e dé dọ́là 2.